Kílò, Kálórì àti Ará Kùmásí: Ìtàn Ìṣirò Oúnjẹ Òòjọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye òkèlè tí ó tó ènìyàn lóòjọ́, iye yẹn gan-an sì ni ayé òde òní ń wá. Ní ìlú Kùmásí, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Aṣántì ní orílẹ̀-èdè Gánà, kò ṣòro láti rí obìnrin oníṣòwò kan tí ó ti pé ogójì ọdún, tí ó ń jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Kejetia láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, tí wọ́n wá sọ fún ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé àfi kí ó dín ara kù. Bí ó bá béèrè pé báwo ni òun yóò ṣe dín in kù, nọ́ńbà ni wọn yóò fi dá a lóhùn: kí ó má ṣe jẹ ju kálórì báyìí lọ lóòjọ́.

Níbo ni nọ́ńbà yìí ti wá? Ara ta ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n kí ó tó di ìlànà fún ara obìnrin Kùmásí? Èyí ni ìbéèrè tí a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àròkọ yìí. A ó rí i pé ọ̀nà jíjìn ni nọ́ńbà náà ti rìn wá. A ó sì rí i pé nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wọn ara àwa ènìyàn dúdú fúnra wa, ní ìlú kékeré kan nítòsí Kùmásí àti ní Ìgbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ohun tí wọ́n rí ta ko èrò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dì mú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ Kùmásí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí Yorùbá. Ó pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin ti ń ṣòwò káàkiri Gánà, tí Kùmásí sì wà lára ibi tí wọ́n fi ṣe ilé, kí òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé. Ohun tí ń ṣe ará Kùmásí kò jìnnà sí ohun tí ń ṣe wá.

Bí Nọ́ńbà Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kálórì kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe èròjà inú oúnjẹ. Òṣùwọ̀n ooru ni. Nicolas Clément, onímọ̀ ará Faransé, lo ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1824 nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìlú Paris nípa ẹ̀rọ tí ń fi ooru ṣiṣẹ́. Kálórì kan, bí a ṣe ń kà á nínú oúnjẹ, ni ooru tí yóò mú kí omi tí ó wọn kílò kan fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan gbóná sí i. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó mọ́, kì í ṣe ènìyàn.

Wilbur Atwater, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wesleyan ní ìlú Middletown ní Amẹ́ríkà, ni ó mú òṣùwọ̀n yìí wọ ilé ìdáná. Ní àwọn ọdún 1890, òun àti Edward Rosa kan yàrá kékeré kan tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń wọn ooru tí ara onítọ̀hún ń tú jáde, èémí rẹ̀, oúnjẹ tí ó wọlé, àti ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tí ó jáde. Inú iṣẹ́ Atwater ni ìlànà tí a ṣì ń lò títí di òní ti jáde: gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà ní kálórì 4, gíráàmù kan èròjà afúnnilókun irú èyí tí ó wà nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní kálórì 4, gíráàmù kan ọ̀rá sì ní kálórì 9.

Ohun tí ó ká Atwater lára ni bí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yóò ṣe rí oúnjẹ tí yóò gbé agbára rẹ̀ ró. Àwọn mìíràn ni wọ́n yí nọ́ńbà náà sí ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1918, Lulu Hunt Peters, dókítà obìnrin kan ní California, gbé ìwé jáde láti kọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà bí wọn yóò ṣe máa ka kálórì kí ara wọn lè fúyẹ́. Ìwé náà tà púpọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1919, J. Arthur Harris àti Francis Benedict gbé ìlànà ìṣirò jáde, èyí tí a lè fi mọ iye kálórì tí ara ń ná nígbà tí ó bá wà ní ìsinmi, bí a bá ti mọ ìwọ̀n ènìyàn, gíga rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ọkùnrin 136, obìnrin 103 àti ọmọ tuntun 94 ni wọ́n fi ṣe é, ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1985, W. N. Schofield kó àbájáde ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, àkọsílẹ̀ bí 7,173, ó sì fi wọ́n ṣe ìlànà tuntun tí àjọ FAO, WHO àti UNU gbé lé gbogbo ayé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ìdajì tí ó wá láti ara àwọn ará Ítálì. Bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Bí ó bá fi ara ẹnì kan gé e, ẹlòmíràn lè wọ̀ ọ́, ó sì lè bá a mu déwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ gbàgbé pé kì í ṣe ara òun ni wọ́n wọ̀n.

Nọ́ńbà Dé Gold Coast

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ ebi ni nọ́ńbà yìí bá wọ Gold Coast, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsanra. Ní ọdún 1936, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ìgbà náà pè jọ kéde pé kálórì 2,400 lóòjọ́ ni ó yẹ àgbàlagbà tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, tí ó ń gbé ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ rẹ̀ wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní ọdún kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n wádìí oúnjẹ àwọn ènìyàn tí ó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, ìròyìn ìwádìí náà sì jáde ní ọdún 1939. Ọ̀kan nínú ohun tí ó jẹ ìjọba lógún ni pé kí òṣìṣẹ́ ní agbára láti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1936 náà ni Meyer Fortes àti ìyàwó rẹ̀ kọ nípa àwọn Tallensi ní àríwá Gold Coast, bí oúnjẹ ṣe ń wọ inú àká àti bí ó ṣe ń tán kí ìkórè mìíràn tó dé.

Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin kan ti fi hàn pé kálórì nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí ń ṣe ara. Orúkọ rẹ̀ ni Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà. Ọdún 1929 ni ó dé Gold Coast. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pupa, tí awọ ara wọn ń bó. Àwọn ọmọ yìí ń jẹun, ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n sì ń jẹ. Ó kọ nípa wọn ní ọdún 1933, nígbà tí ó sì di 1935 ó pe àrùn náà ní orúkọ tí àwọn Gá ń pè é: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Ikùn ọmọ kún, ara rẹ̀ sì ń parun, nítorí pé oúnjẹ tí ó ń jẹ kò ní ohun tí ń mú ara dàgbà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ dín ara kù lónìí. Ẹni tí ó bá ní òun yóò máa jẹ kálórì díẹ̀, tí ó wá yọ ẹja àti ẹ̀wà kúrò, tí ó ń mu ẹ̀kọ gbuuru tàbí tíì oníṣúgà, lè rí i pé kílò ń dín kù, kí ó má sì mọ̀ pé iṣan ara ni ó ń lọ.

Bí Ìsanra Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Àìsàn

Ilẹ̀ Aṣántì là nítorí kòkó, Kùmásí sì fẹ̀. Iṣẹ́ oko fi àyè sílẹ̀ fún ọjà títà, ọkọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, oúnjẹ dídín sì wà ní gbogbo oríta. Lójú àwọn baba ńlá, ìsanra níwọ̀nba jẹ́ àmì pé ilé dára. Àwa Yorùbá náà kì í rí ẹni tí ó rù kí á má béèrè pé kí ló ṣe é. Nígbà tí àrùn éèdì dé, ìbẹ̀rù rírù tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, obìnrin tí dókítà ní kí ó dín ara kù kò bá abọ́ oúnjẹ nìkan jà. Ó ń bá ojú àdúgbò jà pẹ̀lú. Bí ó bá fi kílò mẹ́wàá sílẹ̀, àwọn ẹbí lè máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ara rẹ̀ kò le.

Síbẹ̀, ewu náà kì í ṣe àhesọ. Láàárín ọdún 2012 sí 2015, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RODAM yẹ ará Gánà tí ó ju 5,000 lọ wò, àwọn kan ní abúlé ilẹ̀ Aṣántì, àwọn kan ní Kùmásí àti Obuasi, àwọn yòókù ní Amsterdam, Berlin àti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú àwọn obìnrin abúlé, àwọn tí ó sanra kọjá ààlà kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ní Kùmásí àti Obuasi, wọ́n tó bí ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ju ìdajì lọ. Nínú àwọn ọkùnrin, láti bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ní abúlé ni ó ti gòkè dé bí ẹnì kan nínú márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé ni ó yàtọ̀.

Ìṣirò Náà Gan-an

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin oníṣòwò tí a mẹ́nu bà níṣàájú ṣe àpẹẹrẹ. Kí a ní ọmọ ogójì ọdún ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 80. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Schofield fún obìnrin tí ó wà láàárín ọdún 30 sí 60, a ó fi 8.126 ṣe ìlọ́po ìwọ̀n rẹ̀, a ó sì fi 845.6 kún un. Yóò fún wa ní nǹkan bí 1,496. Èyí ni kálórì tí ara rẹ̀ ń ná lóòjọ́ bí ó bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí pé ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ kò sì sinmi.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí FAO, WHO àti UNU pè jọ sí Róòmù ní ọdún 2001 pín ìgbésí ayé sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tí ó ń jókòó púpọ̀ yóò lo ìlọ́po 1.40 sí 1.69, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní akitiyan yóò lo 1.70 sí 1.99, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ agbára yóò lo 2.00 sí 2.40. Bí a bá lo 1.6 fún obìnrin wa, ohun tí yóò jáde ni nǹkan bí 2,390. Bí ó bá jẹ iye yìí lójoojúmọ́, ìwọ̀n rẹ̀ yóò dúró síbi tí ó wà. Bí ó bá fẹ́ kí ó dín kù, wọn a máa ní kí ó yọ 500 kúrò, kí ó wá jẹ bí 1,900.

Ìṣirò yìí dán lórí ìwé. Ibi tí wàhálà wà ni abọ́. Fùfú àwọn Aṣántì kì í ṣe fùfú tiwa. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ni wọ́n ń gún pọ̀ nínú odó bí ẹni gún iyán, wọn a sì bu ọbẹ̀ lé e lórí nínú abọ́ kan náà. Ní búkà Kùmásí, iye owó tí ènìyàn mú lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń gé fùfú fún un, kò sí ẹni tí ń gbé e lé òṣùwọ̀n. Nínú ilé, abọ́ kan lè jẹ́ ti ọwọ́ mẹ́rin. Ta ni yóò ka òkèlè tí tirẹ̀ jẹ́? Bí ọbẹ̀ bá jẹ́ ọbẹ̀ ẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní abɛnkwan, epo inú rẹ̀ kò hàn sójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tó kálórì 120. Ṣíbí mẹ́rin péré ti sún mọ́ 500 tí dókítà ní kí ó yọ. Ní ọdún 2012, FAO gbé ìwé kan jáde tí ó to èròjà inú oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́sẹẹsẹ, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè mọ bí ọwọ́ ìyá kan ṣe wúwo tó nígbà tí ó bá ń da epo.

Omi tí Wọ́n fi Wọn Ìnáwó Ara

Títí di ìgbà yìí, ohun tí gbogbo wa gbà ni pé ará oko kì í sanra nítorí pé iṣẹ́ oko ń jó oúnjẹ rẹ̀ dànù, àti pé ará ìlú sanra nítorí pé ó jókòó. Láti mọ òtítọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a wọn ìnáwó ara ènìyàn nígbà tí ó bá ń rìn, tí ó ń roko, tí ó ń sùn nílé ara rẹ̀, kì í ṣe nínú yàrá Atwater. Nathan Lifson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota rí ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1955, lára ẹranko kéékèèké. Owó omi náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọdún 1982 kí Dale Schoeller tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọn yóò fún ènìyàn ní omi mu, omi tí háídírójìn àti ọ́síjìn inú rẹ̀ fi díẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ. Kò léwu. Háídírójìn náà yóò bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. Ọ́síjìn náà yóò bá wọn jáde, yóò sì tún bá èémí jáde pẹ̀lú. Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ onítọ̀hún wò fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yóò sọ iye èémí tí ó mí síta, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mọ kálórì tí ó ná.

Ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá ni omi yìí ti mú ọ̀rọ̀ ìyanu wá. Amy Luke àti Richard Cooper láti Yunifásítì Loyola ní Chicago bá àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣiṣẹ́ ní Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè. Wọ́n fi obìnrin ibẹ̀ bí 150 wé obìnrin dúdú bí 170 ní Maywood, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Àwọn ti Amẹ́ríkà sanra ju àwọn ti Ìbàràpá lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti fi títóbi ara kọ̀ọ̀kan ro ìṣirò, ohun tí àwọn méjèèjì ń ná lórí iṣẹ́ kò yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n sì padà wọ̀n wọ́n fún ọdún mẹ́ta, iye kálórì tí obìnrin kan ń ná kò sọ bóyá yóò sanra sí i tàbí kò ní í sanra. Ọdún 2008 àti 2009 ni àwọn ìwé náà jáde.

Ìwádìí METS ni ó gbé ìbéèrè yìí dé ẹnu ọ̀nà Kùmásí. Láti ọdún 2010, wọ́n yan àgbàlagbà 2,500 ní ibi márùn-ún, gbogbo wọn jẹ́ ìran Áfíríkà, ọjọ́ orí wọn sì wà láàárín ọdún 25 sí 45. Ibi márààrún náà ni Nkwantakese, ìlú kékeré kan nítòsí Kùmásí, Khayelitsha ní Gúúsù Áfíríkà, erékùṣù Seychelles, Kingston ní Jàmáíkà, àti Maywood. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Plange-Rhule ti Yunifásítì Kwame Nkrumah ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà ní Gánà. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn ènìyàn ní ìdí láti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn tó, wọ́n sì fún díẹ̀ nínú wọn ní omi náà mu.

Àwọn ará Nkwantakese ni ara wọn fúyẹ́ jù, àwọn ará Maywood ni ó sanra jù. Ní ọdún 2016, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Plange-Rhule wà nínú wọn, gbé àbájáde ti àgbàlagbà 332 láti ibi márààrún jáde. Bí ẹni tí kì í rìn rárá bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀, ìnáwó ara rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ìnáwó náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́. Ó jọ pé ara máa ń ṣọ́ owó ná. Ohun tí ó bá fi kún ti iṣẹ́, a yọ ọ́ níbòmíràn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ara ṣe ń ṣe é àti bí ó ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2017, ìwé mìíràn láti inú METS tún fi hàn pé bí ènìyàn ṣe ń rìn tó kò sọ bí ìwọ̀n rẹ̀ yóò ṣe yí padà láàárín ọdún méjì.

Ohun tí a rí dì mú ni pé obìnrin Ìgbó-Ọrà tàbí Nkwantakese tí ara rẹ̀ fúyẹ́ kò fúyẹ́ nítorí pé ó ń jó kálórì ju ti ará ìlú lọ. Ìwádìí wọ̀nyí tọ́ka sí abọ́ oúnjẹ ju ọkọ́ lọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó o. Ìrìn dára fún ọkàn, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó sì ń ran ẹni tí ó ti dín ara kù lọ́wọ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ má baà padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn láti Kejetia dé Asafo, tí ó wá fi òkèlè ńlá mẹ́rin san ẹ̀san fún ara rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí Nọ́ńbà Fi Ń Já Ènìyàn Kulẹ̀

Ẹ̀bi kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń dá ara wọn, tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní ọdún 1958, Max Wishnofsky, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kálórì 3,500 ni ó wà nínú ọ̀rá ara tí ó wọn pọ́n-ùn kan, èyí tí kò tó ìdajì kílò. Láti inú èyí ni wọ́n ti ń ṣírò pé bí ènìyàn bá yọ 500 lóòjọ́, pọ́n-ùn kan yóò lọ lọ́sẹ̀, pọ́n-ùn 52 yóò sì lọ lọ́dún, ìyẹn bí kílò 23. Obìnrin tí wọ́n ṣèlérí èyí fún, tí ó sì rí kílò mẹ́wàá péré lópin ọdún, yóò rò pé òun ti jalè oúnjẹ, tàbí pé ara òun kò dáa.

Ní ọdún 2011, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìlérí náà ni kò tọ́. Bí ara bá ṣe ń kéré sí i ni ìnáwó rẹ̀ ń dín kù. Ìdajì ohun tí yóò lọ ni ó ń lọ ní ọdún kìíní, ó sì ń tó bí ọdún mẹ́ta kí ó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nípa ìṣirò tiwọn, 500 lóòjọ́ yóò mú bí kílò 11 lọ ní ọdún kìíní. Ohun tí obìnrin yẹn rí tọ̀nà. Ìdáwọ́dúró rẹ̀ ni ìbá jẹ́ àdánù.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí bí nọ́ńbà kan ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀rọ, tí ó wọ yàrá Atwater, tí ó gba ara àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ítálì kọjá, tí ó wá wo ebi ní Gold Coast, kí ó tó di ìlànà dídín ara kù ní Kùmásí. Nọ́ńbà náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìfojúdíwọ̀n ni, ara ẹni fúnra rẹ̀ ni yóò sì tún un ṣe. Kí obìnrin oníṣòwò wa mú 1,900 rẹ̀, kí ó gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ wò fún oṣù kan tàbí méjì. Bí kò bá yí padà, kí òun àti dókítà rẹ̀ tún iye náà gé, kí ó má baà fi ẹ̀bi lu ara rẹ̀. Kí ó bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ọwọ́ yòókù tó wọ abọ́. Kí ó fi ṣíbí wọn epo. Kí ẹja àti ẹ̀wà dúró síbẹ̀, kí òkèlè ni ó kéré.

Ìṣírí kan sì wà nínú ìtàn yìí fún wa. Àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè tí wọ́n gbà láti mu omi náà, àti àwọn ará Nkwantakese tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ìdí lọ sí oko, wà lára àwọn tí ó tún ìmọ̀ gbogbo ayé ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìsanra ṣe wọlé sí wa lára, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe jáde.